Ọmọ ìyá kan náà ni ánímè oníjà àti gémù RPG

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Adó-Èkìtì, èyí tí ẹ tẹ̀ sójú ewé àwa òǹkàwé. Bàbá náà ní òun kò rí aburú kankan nínú káàtúnù àwọn ará Jàpáànù, èyí tí à ń pè ní ánímè, tí ọmọ òun ń wò, torí pé àwòrán lásán ni. Ṣùgbọ́n òun ti gba gémù lọ́wọ́ ọmọ náà, òun sì ti tì í mọ́ inú àpótí, torí pé gémù kò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ lójú òun. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yìí. Ẹni tó bá jókòó kọ lẹ́tà nítorí ọmọ, ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Àmọ́ ohun tó fi ọwọ́ kan gbà wọlé àti ohun tó fi ọwọ́ kejì tì jáde, agboolé kan náà ni wọ́n ti wá. Mi ò lè dákẹ́ lórí ẹ̀.

Ilé gémù ni mo ní nílùú Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, òkè Ọlọ́ṣunta lẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Àǹtí Gémù, àwọn ìyá wọn ń pè mí ní Ìyá Gémù, èmi náà sì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn ọlọ́kadà tí oòrùn ti lù, àwọn tẹ́lọ̀ tó ń dúró de iná. Ẹni méjì á jókòó, wọ́n á di páàdì mú, ẹni tó bá fìdí rẹmi á sanwó, á sì dìde fún ẹlòmíràn. Òun ló ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kan wà ní kọ̀rọ̀ tí mo yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń gbá RPG. Wákàtí-wákàtí làwọn ń sanwó tiwọn. Èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbá a rí. Nínú RPG (ìyẹn role-playing game, gémù tí èèyàn ti ń gba ipò akọni inú ìtàn), wọ́n á fi akọni kan lé yín lọ́wọ́ tí kò tíì já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀bẹ kékeré ló mú dání, owó táṣẹ́rẹ́ ló wà lápò rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mú un rìn láti abúlé dé abúlé. Á máa bá ẹranko àti iwin jà lójú ọ̀nà, ìjà tó bá sì borí á fún un ní àmì ìrírí. Tí àmì náà bá kún, á gun ìpele kan sókè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo sí i, oògùn tí apá rẹ̀ kò ká lánàá á di ohun tó ń lò lónìí. Á ra ẹ̀wù irin, á kó ẹlẹgbẹ́ jọ, á sì máa sún mọ́ ọ̀tá ńlá kan tí wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ṣeé parí lọ́jọ́ kan. Òmíràn gbà ju ogójì wákàtí lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbá a fi ní láti máa séèfù ibi tó bá dé.

Ohun tí mo kíyè sí nídìí tẹlifíṣọ̀n yẹn ni pé àwọn ọ̀gá nínú gémù bọ́ọ̀lù, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò lè nà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ojú wọn máa ń dá tí wọ́n bá jókòó sí RPG fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á máa bi mí pé ìgbà wo ló máa parí, ta ni àwọn ń bá díje. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tó ti wo ánímè tó ń jẹ́ Naruto, tí kò fọwọ́ kan RPG rí láyé rẹ̀, á wo ojú tẹlifíṣọ̀n, á rí ìlà pupa àti ìlà búlúù, á ní, "Àǹtí, èyí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí ni chakra rẹ̀." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Gémù náà lè má ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Naruto, wọ́n lè máa pe ìlà búlúù náà ní orúkọ mìíràn. Ó ti mọ̀ pé agbára tí a fi ń pidán ní òṣùwọ̀n, pé ó ń tán, pé ọlọ́gbọ́n kì í ná an tán lórí ọ̀tá kékeré. Ánímè ló ti kọ́ ọ ní òfin gémù kó tó di páàdì mú.

Èyí kì í ṣe àkọsẹ̀bá, ìtàn rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Ní 1974, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Kò lo iná mànàmáná rárá. Ìwé, pẹ́ńsù, dáìsì olójú púpọ̀ àti ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn tó kù á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì pinnu bóyá idà bà á tàbí kò bà á. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ agbára akọni kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ: Ultima àti Wizardry jáde ní 1981. Ọkùnrin ará Jàpáànù kan, Yuji Horii, fẹ́ràn àwọn gémù wọ̀nyí gan-an, ó sì fẹ́ kí ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà lè gbádùn irú rẹ̀ lórí Famicom, ẹ̀rọ tí Nintendo ṣe fún inú ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan bàbá wa ní Adó nìyí. Horii yìí ń kọ̀wé fún Weekly Shonen Jump, ìwé àtìgbàdégbà tó ń gbé ìtàn aláwòrán jáde. Inú ìwé yẹn gan-an ni Akira Toriyama ti ń ya Dragon Ball láti 1984. Kazuhiko Torishima, olóòtú tó ń bójú tó iṣẹ́ Toriyama, ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ní oṣù kejì 1986, Dragon Ball di ánímè lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Dragon Quest jáde, gémù Horii, Toriyama ló sì ya gbogbo ẹranko àti iwin inú rẹ̀. Ọwọ́ tó ya Goku, akọni Dragon Ball, ló ya Slime, ohun kékeré bí ẹ̀kán omi tó ń rẹ́rìn-ín, tó jẹ́ ọ̀tá àkọ́kọ́ tí akọni máa bá pàdé lẹ́yìn odi ìlú. Àmì ìrírí 1 péré ni Slime ń fúnni, àmì 7 lèèyàn sì nílò kó tó dé ìpele kejì. Dragon Quest ni púpọ̀ nínú RPG ilẹ̀ Jàpáànù tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Final Fantasy tẹ̀ lé e ní 1987, Pokémon dé ní 1996, ọdún kan lẹ́yìn èyí sì ni Pokémon náà di ánímè. Láti ìgbà náà ni ìtàn ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Toriyama kú ní oṣù kẹta 2024, lẹ́ni ọdún 68. Nígbà tí ìròyìn náà dé, àwọn tó ń wo ánímè nínú ṣọ́ọ̀bù mi ń dárò rẹ̀, àwọn tó ń gbá RPG náà ń dárò rẹ̀, ìgbà yẹn sì ni àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan náà làwọn ń sunkún rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn Goku fúnra rẹ̀. Nígbà tó lọ kọ́ ìjà lọ́dọ̀ Àgbà Ìjàpá, bàbá arúgbó yẹn kò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ jíjù. Mílíìkì ló ní kí òun àti Krillin, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, máa pín láti ilé dé ilé ní kùtùkùtù. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ lásán tú oko, láìsí ọkọ́. Ó gbé igbá ìjàpá tó wúwo tó 20 kílò lé ẹ̀yìn wọn, nígbà tó sì yá, ó sọ ọ́ di 40. Nígbà tí wọ́n bọ́ igbá náà sílẹ̀ níkẹyìn, wọ́n fò sókè, ó sì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Gígun ìpele nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pa Slime títí tí apá fi ń ro ó, tó wá padà sí ọ̀nà tí ọ̀tá ti lé e sá tẹ́lẹ̀, tó sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo gbé ọ̀tá náà ṣánlẹ̀, ó mọ ohun tí Goku mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di Dragon Ball Z, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ jáde sí gbangba. Àwọn ajagun láti ojú ọ̀run dé pẹ̀lú gíláàsì kan tí wọ́n fi bo ojú kan, gíláàsì náà sì ń ka agbára ẹni tí wọ́n bá wò. Ó wo àgbẹ̀ kan tó di ìbọn mú, ó ka 5. Frieza, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé agbára òun jẹ́ 530,000. Ojú gémù pọ́ńbélé nìyẹn nínú ánímè. Ohun tí mo sì fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Toriyama kò jẹ́ kí nọ́ńbà borí ìtàn. Kò pẹ́ tí Goku àtàwọn tirẹ̀ fi kọ́ bí a ṣe ń fi agbára pamọ́, gíláàsì wá ń purọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Naruto ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò jù, torí òun làwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ bí ẹni mowó. Masashi Kishimoto bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní 1999, ó di ánímè ní 2002. Ipò wà níbẹ̀ fún àwọn ninja, ìyẹn àwọn jagunjagun tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀: Genin nísàlẹ̀, Chunin láàárín, Jonin lókè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wọn náà ní ìwọ̀n, láti D dé A, S sì wà lókè gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbá RPG rí á rí i pé bí àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó nínú ilé ọtí abúlé inú gémù ṣe rí gan-an nìyẹn: wá ológbò tó sọnù, sin oníṣòwò kan kọjá, lọ pa ẹranko kan. Nínú ìtàn ilẹ̀ Ìgbì, Tazuna tó ń kọ́ afárá ní kí wọ́n sin òun délé, ó pe iṣẹ́ náà ní C. Irọ́ ni. Apààyàn ni wọ́n rán sí i, Zabuza ló dúró dè wọ́n lọ́nà. Ìdí tó fi purọ́ ni pé òtòṣì ni ìlú rẹ̀, kò lágbára owó iṣẹ́ tó ju C lọ. Mo máa ń rí i lójoojúmọ́ kí ọmọ kan mú akọni rẹ̀ wọ igbó tí ìpele rẹ̀ kò tíì tó, kí ohun kan jáde láti inú òkùnkùn kó sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan pa á. Ọmọ tó ti wo Zabuza kì í bínú. Á ní, "Àǹtí, iṣẹ́ A lèyí, mo máa padà wá." Á sì padà lọ múra.

Ẹ tún wo bí Naruto ṣe kọ́ Rasengan, bọ́ọ̀lù agbára tó ń yí lórí àtẹ́lẹwọ́, lọ́wọ́ Jiraiya, ọ̀gá rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni. Bàlúùnù tó kún fún omi ni àkọ́kọ́: kó yí omi náà lọ́nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí bàlúùnù á fi bẹ́. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ni èkejì: yíyí nìkan kò tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹ̀kẹta padà sórí bàlúùnù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bẹ́ rárá: kí agbára yí nínú rẹ̀ kó má sì ya á. Ọwọ́ kan kò tó Naruto láti ṣe é. Ó wá pe òjìji ara rẹ̀ jáde, ó ní kí ìyẹn máa bá òun mọ ọ́n nígbà tí òun ń yí i. Oríṣiríṣi gémù ni mo ti rí tó ya igi ẹ̀bùn sójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, tí èèyàn kò lè mú ẹ̀kẹta láìtíì mú èkejì. N kò tíì rí èyí tó ṣàlàyé ìdí tí ìkan fi ṣíwájú ìkejì bí Jiraiya ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí ánímè lè fún gémù nìyẹn, pé kí ìpele ní ìtumọ̀.

Torí náà ni n kò fi fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí èyí tó gbajúmọ̀ báyìí, Solo Leveling, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló ń sọ ọ́. Ìtàn ará Kòríà tó ń jẹ́ Chugong ni, ó di ánímè ní oṣù kìíní 2024. Sung Jinwoo, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ láàárín àwọn ọdẹ tó ń pa iwin, jí lọ́jọ́ kan, ó bá ojú gémù níwájú ara rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò rí. Ojú gémù náà ń pàṣẹ fún un lójoojúmọ́: púṣọ́ọ̀pù 100, kó dìde jókòó ní 100, kó lóṣòó ní 100, kó sáré kílómítà 10. Tí kò bá ṣe é, á bá ara rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ tí ọ̀kùn ńláńlá ti ń lé e kiri. Ẹ gbọ́, ó ti ṣe oore kan fún mi: àwọn ọmọkùnrin kan ń ṣe púṣọ́ọ̀pù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n tó wọlé, inú àwọn ìyá wọn sì ń dùn. Ṣùgbọ́n bí ìtàn, mo rí i pé nọ́ńbà ló ń darí rẹ̀. Jinwoo kò ní Àgbà Ìjàpá, kò ní Jiraiya. Ẹ̀rọ ló ń tọ́ ọ. Nígbà tí ánímè bá fara wé gémù dé ibi tó fi ń ka nọ́ńbà sí wa létí, ó ti sọ ohun tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Nínú RPG, ẹni kan kì í dá ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ nílò alágbára tó máa dúró níwájú, ẹ nílò onídán, ẹ nílò ẹni tó ń wo ọgbẹ́. Nínú Naruto, Tsunade, àgbà oníṣègùn, ló jà fún un pé kí oníṣègùn kan máa wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, Sakura, ẹlẹgbẹ́ Naruto, sì tọ ipa rẹ̀. Àwa Yorùbá kò ní láti ti Jàpáànù kọ́ èyí. Ẹni tó bá ka ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 nílé ẹ̀kọ́ rántí àwọn tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkó pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dòye tí ọgbọ́n kún orí rẹ̀, Ọlọ́hùn-iyọ̀ tó ń kọrin, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, Èfòìyè tó ń ta ọfà, àti Àràmàǹdà-òkùnrin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn tirẹ̀, ìṣòro kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà sì ní ẹni tó tọ́ sí. Mo sọ èyí fún ọmọ kan tó ń kó ẹlẹgbẹ́ jọ nínú gémù, tó fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ oníkùmọ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó sì lọ wá olórin kan.

Wọ́n yàtọ̀ o, mi ò ní fi èyí pamọ́ fún bàbá wa. Ikú ni àkọ́kọ́. Nínú Dragon Quest àkọ́kọ́, tí akọni bá kú, ọba á jí i dìde láàfin, ìdajì owó rẹ̀ á sì ti lọ. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó tún ń lọ. Dragon Ball náà rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá kó bọ́ọ̀lù idán méje jọ lè tọrọ òkú padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rengoku, ọ̀kan nínú àwọn akọni, kú nínú fíìmù ánímè Demon Slayer tó jáde ní 2020, kò sí bọ́ọ̀lù tó máa jí i. Àwọn olùṣe gémù rí agbára irú ìbànújẹ́ yìí tipẹ́. Ní 1997, nínú Final Fantasy VII, Sephiroth, ọ̀tá ńlá inú rẹ̀, pa Aerith, ẹlẹgbẹ́ tí ẹni tó ń gbá a ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí tọ́, tó ti ra nǹkan ìjà fún, kò sì sí ibi tí ó ti séèfù tó lè mú un padà bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbá a dé ibẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé páàdì sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta.

Ìkejì ni àkókò, ibẹ̀ sì ni bàbá wa ti ní ẹ̀tọ́. Nínú Dragon Ball Z, yàrá kan wà tí ọjọ́ kan níta jẹ́ ọdún kan nínú rẹ̀. Goku àti Gohan ọmọ rẹ̀ wọ ibẹ̀, wọ́n jáde ní alágbára, àwa tó ń wò ó kò san ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Gémù kò fún wa ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Làálàá tí ánímè fi orin bò kọjá, ọwọ́ ọmọ ló ń ṣe é nínú gémù, ìjà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo gbà pé òun ló jẹ́ kí gémù kọ́ni ní sùúrù ju ánímè lọ, torí mo ti rí ọmọ tí kò lè jókòó ka ìwé ojú ewé kan tó ń ka àlàyé nǹkan ìjà lédè Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kí ó lè jẹ wákàtí ọmọ tán. Òfin wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wá a dé ẹnu ọ̀nà á séèfù, á sì dìde. Mo rọ bàbá wa kí ó ṣe òfin tirẹ̀ nílé, wákàtí mélòó, ọjọ́ wo. Kí ó ka wákàtí ánímè mọ́ ọn, torí ọmọ tó jókòó wo Naruto láti àárọ̀ di alẹ́ kò sàn ju èyí tó gbá gémù láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní ti tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó yẹ ká tọ́ka sí ibi tó wà gan-an. RPG tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan tán, tí kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mọ́, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Àwọn gémù orí fóònù kan wà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n wá ń ta oríire. Genshin Impact tí àwọn ará Ṣáínà gbé jáde ní 2020 gbajúmọ̀ láàárín wọn. Ó lẹ́wà, ó dà bí ánímè gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ akọni tuntun á fa á bí ẹní fa ìbò, kò sì mọ ẹni tó máa jáde. Tí èyí tó ń fẹ́ kò bá jáde, owó gidi wà tó lè fi tún un fà. Èyí ni kí òbí máa bèèrè: ṣé gémù yìí ṣì ń gba owó lẹ́yìn tí a ti ní in, kí sì ni owó náà ń rà? Káàdì báńkì kò gbọdọ̀ wà lórí fóònù tí ọmọ fi ń gbá irú rẹ̀.

Kí bàbá wa má sì rò pé àwòrán lásán ni ánímè. Fíìmù Demon Slayer tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, PG12 ni wọ́n fi sí i lára ní Jàpáànù fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òbí tọ́ ọmọ tí kò tó ọdún 12 sọ́nà; R ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọdọ̀ wò ó ní sinimá láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, orí ń bọ́ lọ́rùn níbẹ̀. N kì í fi hàn nígbà tí àwọn ọmọ kéékèèké bá wà nílé. Ọjọ́ orí ọmọ ló yẹ kó pinnu, yálà ó ń wò ó ni o tàbí ó ń gbá a.

Olóòtú, ẹ̀yin gan-an ni mo ní ẹ̀bẹ̀ sí. Ojú ewé bọ́ọ̀lù wà nínú ìwé ìròyìn yín, ojú ewé fíìmù àgbéléwò wà níbẹ̀, ti olórin náà wà. Kò sí ibì kan tí òbí tó ń ka Yorùbá lè yà sí láti mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wò àti ohun tó ń gbá. Ẹ fún wa ní igun kékeré kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ẹ dárúkọ ánímè kan àti gémù kan tó jọra, kí ẹ sọ ìtàn inú wọn, ọjọ́ orí tó yẹ fún wọn, wákàtí tí wọ́n ń gbà, àti bóyá wọ́n ń bèèrè owó lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa kọ ọ́, mo ṣetán, n kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín. Dragon Ball àti Dragon Quest ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń kọ ti oṣù àkọ́kọ́ lọ́wọ́, màá fi ránṣẹ́ ní kété tí ẹ bá ti dá mi lóhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àǹtí Gémù,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.